Àyè Tó Ṣófo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Brigida

Ìrẹsì ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nílé Sista Fẹlísíà ládùúgbò Märkisches Viertel ní West Berlin, ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí mo gbọ́ pé mo ti rán obìnrin àgbà kan lọ sí ilé tí kì í ṣe ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Sista Fẹlísíà, ọmọ Èkó, Kátólíìkì pọ́ńbélé. Èmi ń fọ́nnu lọ ní tèmi nípa iṣẹ́ mi, bí mo ṣe bá obìnrin kan ní Hamburg wá bàbá àgbà rẹ̀ rí nínú ìwé ìsàmì ìjọ kan ní ilẹ̀ Ireland, ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni bàbá ọmọ?" ló bi mí.

"Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Thomas Geraghty. Òun ló dúró ti ìyá ọmọ lọ́jọ́ ìsàmì."

"Ó dúró gẹ́gẹ́ bí kí ni?"

"Bàbá ìsàmì."

Sista Fẹlísíà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ̀yin Mùsùlùmí yìí! Bùọ̀dá Ràsákì, bàbá kì í ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ tó bí. Ìjọ ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá fi lè ṣe bàbá ìsàmì, a jẹ́ pé nínú gbogbo ọkùnrin ìlú náà, òun gan-an ni fadá mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun ló ni ọmọ."

Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi. Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò tíì fi ránṣẹ́ sí i, àbí?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ gan-an ni obìnrin náà, Frau Henning, máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ìdílé Geraghty. Ọmọ Sista Fẹlísíà obìnrin, tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, yíjú wò mí, ó ní, "Mama, was hat der Onkel?" pé kí ló ṣe Uncle. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ kí Uncle mí ná."

Bí èmi ṣe dé ìdí ìwé ìsàmì, ọwọ́ ikán ló ti wá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ilé Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ilé ìwé àwọn Kátólíìkì ló sún mọ́ ilé wa jù, bàbá mi sì ti gbọ́ pé ẹgba ibẹ̀ dára. Fadá ará Ireland kan ló wà níbẹ̀, Fadá Onírùngbọ̀n là ń pè é. Lọ́dún kan, ikán jẹ ìwé ìsàmì ìjọ náà dé ìdajì. Fadá wo ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo wa, ó mú mi, ó fi mí jókòó ti tábìlì kí n máa tún ìwé náà dà kọ. Odindi ọdún kan ni mo fi dà á kọ lẹ́yìn ilé ìwé. Èdè Látìn ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ogún lọ, mo sì mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ adúgbò. Filia ni ọmọbìnrin. Sponsores ni bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Ọ̀kan tún wà, illegitima, tí fadá máa ń kọ sí ọmọbìnrin tí wọn kò gbé ìyá rẹ̀ níyàwó.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èmi kò kà sí nǹkan kan láti kékeré. Pa Jákọ́ọ̀bù ló fà á. Pa Jákọ́ọ̀bù ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta kó tó di Kátólíìkì, ìyàwó àkọ́kọ́ nìkan ni Fadá sì mọ̀. Bí ìkejì tàbí ìkẹta bá gbé ọmọ wá, Fadá á fi àyè bàbá sílẹ̀ lófo, á sì kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ni ọmọ. Pa Jákọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ, tó sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹbí. Òun náà ló tún wọ agbádá tẹ̀lé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń wo Fadá bí ẹni ń wo olè. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé àyè tó ṣófo nínú ìwé fadá kì í ṣe òfo. Wo ọkùnrin tó dúró ti ìyá ọmọ: ìyẹn ni bàbá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí mo dé West Berlin, ta ló ń wá ẹni tó gbọ́ ogún ọ̀rọ̀ Látìn? Ilẹ̀ ni mò ń nù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì tí mò ń nù ní Reinickendorf, lókè ibi tí wọ́n ti ń rọ férémù fèrèsé, jẹ́ ti Herr Dombrowski. Ahnenforscher ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn èèyàn wá baba ńlá wọn kiri inú ìwé àtijọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Dublin tó máa ń fi fíìmù ìwé ìsàmì ránṣẹ́ sí i, ó sì ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tan iná sí fíìmù náà kí ojú ìwé lè hàn gàdàgbà. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń bú ẹ̀rọ náà. Mo di igi ìnulẹ̀ mi mú, mo yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bíi pé Fadá Onírùngbọ̀n ló kọ ọ́! Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á ṣe bí ẹgba kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ gbogbo fadá ilẹ̀ Ireland ní ìkọ̀wé. Mo ka ìlà náà sókè.

Herr Dombrowski yí àga rẹ̀ padà, ó wo igi ìnulẹ̀, ó wò mí. "Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ikán ni, sà."

Bí mo ṣe di akàwé-àtijọ́ nìyẹn. Títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi náà ni mo ṣì ń nu ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, nítorí pé kò rí ẹlòmíràn gbà.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìlà kan ni wọ́n ń kọ fún ọmọ kan: ọjọ́, orúkọ ọmọ, bàbá, ìyá, abúlé, lẹ́yìn náà bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Ọmọ tó bá ní bàbá nínú ìwé kò ṣòro wá. Èyí tí kò ní ló ń lé èèyàn kiri. Orúkọ ilé ìyá rẹ̀ ló máa jẹ́. Ìyá náà sì lè ti sá lọ sí ìjọ tó jìnnà sí ilé kí ará àdúgbò má baà rí i, a ó wá máa ka ìwé ìjọ mẹ́ta kí a tó rí ọmọ kan. Herr Dombrowski máa ń sọ fún mi pé, "Di orúkọ ìyá mú. Má ṣe jù ú sílẹ̀." Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún díẹ̀ kí odi Berlin tó wó ni Frau Henning wá bá wa. Láti Veddel ní Hamburg ló ti wá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oúnjẹ ló ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi kò lè máa pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ní Frau lásán, Màmá ni mò ń pè é, kò sì kọ̀. Ará Ireland ni ìyá rẹ̀, Brigid, tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan mú wá sí Hamburg láti máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì fẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté kan níbẹ̀. Bọ́ǹbù ìgbà ogun ló pa á. Iná jó gbogbo fọ́tò ilé wọn.

"Dókítà sọ pé kí òtútù ọdún yìí tó tán, ojú mi á ti ṣú pátápátá," ni Màmá Henning wí. "Mo sì ti ń gbàgbé ojú ìyá mi. Mo fẹ́ rí ojú kan, ẹyọ kan péré, tó jọ ọ́, kí ojú tèmi tó dì. Agbára ìrìn àjò kan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi lọ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀."

Herr Dombrowski ń lọ sí Kur, ibi tí dókítà ń rán èèyàn lọ gba ìtọ́jú, nítorí ìdí rẹ̀ tó ń dùn ún. Oṣù méjì. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èmi nìkan, lórí àga ọ̀gá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì. Mo ra táì.

Mo rí ọmọ náà lọ́jọ́ kejìlá. Brigida, ìyẹn Brigid lédè Látìn: filia illegitima. Ìyá: Catharina Nolan. Bàbá: àyè ṣófo. Sponsores: Thomas Geraghty àti Maria Nolan. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní àpótí kan tí wọ́n kọ Vater sí, ìyẹn bàbá. Mo wo àpótí náà títí. Ọwọ́ mi kò gbà láti fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ìyá arúgbó. Nílé wa, ẹni tó bá pe ìyá ẹlòmíràn ní ọmọ àlè, eyín rẹ̀ ló ti sú u. Mo rántí Pa Jákọ́ọ̀bù nínú agbádá. Mo kọ Thomas Geraghty síbẹ̀, mo lu òǹtẹ̀, mo sì tún táì mi ṣe. Màmá Henning kọ̀wé padà pé òun sunkún ayọ̀, pé aládùúgbò òun tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn Geraghty tó ṣì wà ní abúlé náà, pé òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Sista Fẹlísíà fi gbé ṣíbí sílẹ̀.

Màmá Henning kò ní tẹlifóònù. Mo ní kí n fi tẹligíráàmù ránṣẹ́. Sista Fẹlísíà wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀? Pé bàbá àgbà ti yí padà, kí wọ́n má lọ mọ́? Bùọ̀dá, ẹ gbé ara yín lọ síbẹ̀."

Mo ní màá lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọ́fíìsì ni mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì kì í lọ lọ́wọ́ òfo, pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ wá òótọ́ rí. Àwáwí ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù náà sì wá wọ aṣọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó, mo ṣe ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́: mo di orúkọ ìyá mú. Catharina Nolan kò tún yọjú níbì kankan, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ọmọ mìíràn. Mo wá yíjú sí Maria Nolan, ìyá ìsàmì ọmọ, tí mo ti fojú fò dá. Mo yí fíìmù padà sẹ́yìn ogún ọdún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, mo rí ìsàmì Catharina, mo rí ti Maria: bàbá kan náà, ìyá kan náà, abúlé kan náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo tún rí ìgbéyàwó Maria pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tierney, àti ọmọ méjì tí wọ́n bí sí abúlé yẹn kí fíìmù tó tán. Ojú tí Màmá Henning ń wá, ọ̀dọ̀ ìyá ló wà. Èmi ni mo lọ ń wá agbádá kiri ilẹ̀ Ireland.

Àárọ̀ Túsìdeè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Bahnhof Zoo. Ẹni tó bá ń ti West Berlin lọ sí Hamburg nígbà náà, àárín East Germany ló máa gbà kọjá, àwọn ọlọ́pàá ibodè wọn á sì wọ inú ọkọ̀ wá wo ìwé. Pásípọ́ọ̀tù mi sì ti bá ṣòkòtò wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ rí. Fọ́tò inú rẹ̀ ti funfun, mo dà bí àǹjọ̀nú tí ara rẹ̀ ò yá. Nígbà gbogbo ni mo máa ń fi í pamọ́ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo gbé e lọ bá wọn.

Ọlọ́pàá náà wo fọ́tò, ó wò mí. Ó ní kí n yí etí mi sí òun. Mo yí i. Ó ní ìkejì. Mo yí ìyẹn náà. Ó wá ní kí n ṣí báàgì, ó sì fa ẹ̀dà ojú ìwé ìsàmì náà jáde.

"Èdè wo nìyí?"

"Látìn, sà. Ìsàmì ọmọ ni."

"Ọmọ rẹ?"

"Rárá o. Ọmọ náà ti kú."

"Kí lo wá fẹ́ fi ìsàmì òkú ṣe ní Hamburg?"

"Mo ń lọ bẹ ọmọ rẹ̀ ni."

Èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe rí létí. Ó kó ìwé náà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbári.  Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn súrà tí mo mọ̀. Mẹ́rin péré ni. Mo kà wọ́n tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọkùnrin tó jókòó sí ọ̀kánkán mi gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sókè títí n kò fi rí irun orí rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí mo ṣe jókòó yẹn, ọkàn mi sọ fún mi pé: bí wọ́n bá dá ẹ dúró di ọ̀la, ọkọ̀ ojú omi á ti lọ, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi tìrẹ mọ́. O gbìyànjú. Inú mi sì dùn sí i. Ó tó bí ìṣẹ́jú kan kí ojú tó tì mí.

Ọlọ́pàá náà padà wá. Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi, ó wá fi ìka kan àyè òfo tó wà lójú ìwé ìsàmì náà. "Ẹnìkan lọ́dọ̀ wa gbọ́ Látìn díẹ̀," ó ní. "Ó ní ọmọ yìí kò ní bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Ohun tí mò ń lọ sọ gan-an nìyẹn."

Aago kan ọ̀sán ti lù kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ní Veddel. Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí England máa ṣí, ibẹ̀ ni Màmá Henning máa gbà dé Ireland. Mo sáré gun àkàbà ilé oníbíríkì pupa náà, àjà kẹta. Ó ti wọ kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run tuntun. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Herr Rasaki! Ọlọ́run ló rán ẹ wá," ó ní, ó fà mí wọlé. "Wọ́n ti fèsì! Àná ni lẹ́tà wọn dé, aládùúgbò mi sì ti rìnrìn àjò. Mo ní màá bẹ ẹnìkan nínú ọkọ̀ kó kà á fún mi. Jókòó. Kà á."

Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á. Lẹ́tà náà kò gùn. Ọkùnrin tó kọ ọ́ ní ọmọ ọmọ Thomas Geraghty ni òun. Ó ní ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá àgbà òun fẹ́ láyé, pé ẹnì kankan kò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nígbà tó wà láàyè, kí ará Hamburg kan má ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tó ti kú. Bí obìnrin náà bá wá, ilẹ̀kùn àwọn kò ní ṣí.

"Kí ni wọ́n wí? Wọ́n ń retí mi?"

Irọ́ náà ti jinná lẹ́nu mi. Kò ju gbólóhùn méjì lọ: wọ́n kí yín o, Màmá, wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn Tierney. Ẹ wò ó bó ṣe dára tó! Á gbé e dé ibi tó yẹ kó lọ gan-an. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kà á, kò tilẹ̀ rí ìwé náà dáadáa. Èmi á gbé àpótí rẹ̀ dé ọkọ̀, èmi á sì padà sí Berlin bí ọkùnrin. Ó ń yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí àwọn tí ojú wọn ń lọ ṣe máa ń ṣe, tó ń fi igun ojú tó kù wá ẹnu mi.

Mo ka lẹ́tà náà fún un bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn náà mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Èmi ni. Kò sí bàbá nínú ìwé. Èmi ni mo fi ọkùnrin yẹn síbẹ̀."

Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn.

"O jẹ́ kí n pe òkú olóòótọ́ ní alágbèrè," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ni fadá kọ gan-an? Ka ọ̀rọ̀ náà."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi..."

"Kà á!"

Mo kà á. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ohùn mi kéré bí ti ẹni tí Fadá Onírùngbọ̀n dá dúró síwájú kíláàsì. Mo ń retí kó ṣubú, kó ké, kó sọ kọ́ọ̀bù lù mí. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni.

"Ìyá mi sọ pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá òun," ó ní. "Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti di atukọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, ó ti di tíṣà. Bàbá tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ báyẹn, ṣé o rò pé n kò mọ̀? Irọ́ ni kò jẹ́ kí n mọ ìyá mi nígbà tó wà láàyè. Ìwọ tún wá ti Berlin wá rọ́ tìrẹ mọ́ ọn."

 Mo kàn tú ìwé kejì sórí tábìlì, mo sọ ti Maria Nolan fún un, àti ti Tierney, àti abúlé náà.

"Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"N kò mọ̀, Màmá."

"Wọ́n á jọ ìyá mi?"

"N kò mọ̀."

"Ó dáa," ó ní, ó dìde. "Ẹ̀ẹ̀kejì tí o sọ òótọ́ fún mi lónìí nìyẹn. Mú bírò."

Ó ní kí n kọ lẹ́tà méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, gàdàgbà gàdàgbà. Ìkíní, kí n fi bẹ àwọn Geraghty, kí n sì fi orúkọ èmi fúnra mi sí i nísàlẹ̀. Ìkejì, kó fi máa béèrè ọ̀nà ilé Tierney. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé àpótí. Ní èbúté, ó di irin àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gùn ún, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fọkàn rò ó pé ó ti ṣubú sínú kòtò, pé wọ́n ti tú ajá sí i. Oúnjẹ kò lọ. Sista Fẹlísíà ní, "Ẹ̀ ń rù bí aláboyún tí oúnjẹ kì í dúró nínú rẹ̀." Nígbà tí lẹ́tà dé, aládùúgbò rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ilé Geraghty ni Màmá Henning kọ́kọ́ lọ, òun fúnra rẹ̀, láti bẹ̀bẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó ka lẹ́tà mi níbi tó dúró sí, ó sì kọjú sí i, ó ní Thomas ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà láyé ọjọ́un. Ọmọ tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ dúró, òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ látìdí okùn agogo wá dúró tì í. Bàbá arúgbó náà fi mọ́tò rẹ̀ gbé e dé ilé Tierney. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Mo sáré lọ ṣí fíìmù. Òótọ́ ni. Ní ojú ìwé tó tẹ̀lé ti Brigida gan-an, Thomas Geraghty tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mìíràn tí kò ní bàbá. Ó tún wà níwájú. Ó tún wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé mo tẹ̀lé ìlànà agbádá Pa Jákọ́ọ̀bù dé òpin ni, ọkùnrin kan ṣoṣo ì bá ti bí ìdajì ìjọ. Ìlà kan péré ni mo kà, mo sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Nígbà tí Herr Dombrowski ti Kur dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó ní kí n mú fọ́ọ̀mù tuntun àti rúlà wá, kí n fa ìlà kan gbọọrọ sínú àpótí Vater níwájú òun, kí n lu òǹtẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí Hamburg. Lẹ́yìn náà ló kó òǹtẹ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀, ó sì dá mi padà sídìí ilẹ̀ nínù fún odindi oṣù kan. N kò jiyàn. Nígbà tí odi wó, tí àwọn ará East bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá wádìí ìdílé wọn, ìlà gbọọrọ yẹn ni mo fi kọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Àwọn kan á ní, "Herr Rasaki, ó burú láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo máa ń ní, kí wọ́n fà á kó gún.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo tún lọ sí Veddel. Kò sẹ́ni tó wo etí mi lọ́nà. Ojú Màmá Henning ti ṣú pátápátá, ṣùgbọ́n ó da kọfí fún mi láìta sílẹ̀. Mo ti ń gbé ìbéèrè kan kiri láti ọdún yẹn, n kò láyà láti bi í nínú lẹ́tà. Mo bi í.

"Ojú wọn? Kò jọ ọ́ rárá," ó ní. "Ọmọ ọmọ Maria ló wà níbẹ̀, obìnrin bí ọgọ́ta ọdún. Imú rẹ̀ rí báyìí. Mo wò ó títí omi fi ń dà lójú mi. Kò jọ ìyá mi níbì kankan. Mo sọ fún ara mi pé mo ti fi ojú tó kù mí ṣòfò. Ó wá jáde sẹ́yìn ilé lọ pe àwọn adìẹ rẹ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

"Mo di ojú mi, Rasaki. Èmi fúnra mi ni mo dì í."

Ó wá gbé orí sókè níbẹ̀, nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó pe àwọn adìẹ náà bí obìnrin náà ṣe pè wọ́n, ohùn tín-ínrín, gígùn, tó gòkè lẹ́nu àìpẹ́ tó sì já lójijì, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pe òun wọlé láti títì nígbà tó wà lọ́mọdé. N kò gbọ́ ohùn Brigida rí láyé mi. Ó kù díẹ̀ kí n dáhùn.